Fáàfù Èjìká Ọ̀tún

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá

Bàámi àtàtà,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí pé mo gbójúgbóyà kọ lẹ́tà yìí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí mo sì fà á ya, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ máa sọ fún bàbá rẹ̀, pàápàá bàbá tó ti ń wọ inú omi lọ kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Èmi náà wà, mò ń jẹun, ẹ má bẹ̀rù.

Yàrá tí wọ́n fún mi kò tóbi. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé mìíràn, tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, àfi kí n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ náà le. Àwọn tí a jọ wà ní ọdún kìíní máa ń nawọ́ kí olùkọ́ tó parí ìbéèrè. Ní tèmi, ìgbà tí gbogbo wa bá ti jáde tán ni ìdáhùn máa ń wá sọ́kàn mi. Àmọ́ mo ti rí iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n ti ń tún irinṣẹ́ àwọn òmùwẹ̀ ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi mí bóyá mo mọ ẹ̀wù afẹ́fẹ́. Mo ní iṣẹ́ abẹ́ omi ni bàbá mi ń ṣe. Ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n fọ̀ ọ́.

Ẹ̀wù náà gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, irú èyí tí ẹ máa ń wọ̀, tí ó ń jẹ́ kí ẹ léfòó tàbí kí ẹ rọra rì bí ẹ bá ṣe fẹ́. Bàámi, mo ti rí ohun tí iyọ̀ ń ṣe. Ẹ̀wù oníbàárà kan dé, ìta rẹ̀ mọ́ bí aṣọ ìjáde, àmọ́ nígbà tí Ọ̀gá tú fáàfù rẹ̀, iyọ̀ ti gbẹ sínú rẹ̀ bí eérú funfun. Sípíríìnì kékeré tó yẹ kó máa ti rọ́bà padà sí àyè rẹ̀ kò lè mira mọ́. Ọ̀gá ní tó bá jẹ́ fáàfù tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde ló ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù á máa jò. Tó bá jẹ́ bọ́tìnnì tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé láti inú sílíńdà ló há, ẹ̀wù á máa kún fúnra rẹ̀ lábẹ́ omi, á sì gbé ènìyàn sókè láìròtẹ́lẹ̀. Mi ò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin ni mò ń rí.

Torí náà mo bẹ̀ yín, pẹ̀lú ìtìjú, ẹ má fọ ìta nìkan. Ẹ bu omi tí kò níyọ̀ gba ẹnu họ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ dà á nù. Ẹ má sì fi fasilíìnì pa àwọn rọ́bà rẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń jẹ́ kí rọ́bà wú. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi pa á, torí èmi ni ẹ máa ń rán lọ rà á.

Tí mo bá ti ṣàṣejù, ẹ bá mi wí. Ẹ ṣáà kọ̀wé. Ẹ ní tẹlifóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn ronú kó tó sọ̀rọ̀, mo sì gbà, àmọ́ ìwé máa ń pẹ́ lọ́nà, Bàámi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ̀rù ń bà.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá

Ìyá Ìbéèrè, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, inú bí mi, mo tún rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi lo wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀wù? Èmi tí mo gbé ọ lé ọwọ́ sínú omi nígbà tí o ṣì ń pe omi ní “mumu”? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ẹ̀wù tí mo ti wọ̀ gbó lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí a bá kó wọn jọ, á kún yàrá rẹ yẹn dé fèrèsé.

Àmọ́ o ṣeun. Bí ọmọ bá dàgbà tó bá ń bẹ̀rù fún bàbá rẹ̀, bàbá náà kò bí òfo.

Ara mi le. Má-kánjú tí a jọ ń wọ omi ń kí ọ. Ẹ̀yìn ló dá òun náà dúró sílé, nǹkan tí ẹ̀yìn mi ń fi ṣeré ló ti wá fi í dùbúlẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Tèmi wà lára ògiri. Ẹ̀wù náà fẹ̀ fún mi díẹ̀ níkùn, o mọ ikùn Má-kánjú.

Ó ku nǹkan kan. Bá mi bi ọ̀gá rẹ léèrè. Tí fáàfù èjìká ọ̀tún bá ń jò díẹ̀díẹ̀, ǹjẹ́ a lè tún un ṣe láì tú u, kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀wù má sì jáde? Má bi mí nídìí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ṣé o ń jẹun? “Mò ń jẹun” tí o kọ yẹn kò ní ẹran lára. Kọ ohun tí o jẹ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá

Bàámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdáwà. Ìrẹsì àti ẹyin ni mo jẹ lónìí. Àná, búrẹ́dì. Ìjẹta, mo gbàgbé, èyí tó fi hàn pé mo jẹ nǹkan.

Mo bi Ọ̀gá ní ìbéèrè yín. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń fi òun ṣeré. Ó ní fáàfù èjìká kò ṣeé tún ṣe tí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú ẹ̀wù, torí tí ènìyàn bá ti yí i tú báyìí, ihò gbayawu ló kù. Ó ní kí a kọ́kọ́ tú gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kí a wá yọ ìdérí rẹ̀, sípíríìnì rẹ̀ àti rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń dí i, kí a rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí a kán fínígà díẹ̀ sí, kí a fi búrọ́ṣì rírọ̀ fọ̀ wọ́n. Nígbà tí mo tún bi í bóyá kò sí ọgbọ́n mìíràn, ó wò mí, ó ní, “Sọ fún bàbá rẹ pé afẹ́fẹ́ kò wọ́n níta.”

Ojú tì mí. Ẹ má bínú, Bàámi, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má bi yín nídìí, àmọ́ kí ló dé? Kí ló dé tí ẹ̀wù yín wà lára ògiri tí ẹ sì ń wọ ti ẹlòmíràn? Mo mọ ẹ̀wù Má-kánjú. Bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń wọlé tán kó tó ronú pé òun fẹ́ padà. Ẹ̀yin fúnra yín ló sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ẹ sì mọ̀ pé Má-kánjú kì í bu omi sínú ẹ̀wù rẹ̀, ó ní omi tó wà níta ti tó. Tí tiyín bá ń jò, ẹ mú un wá kí n tún un ṣe. Ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má wọ tirẹ̀ mọ́, mo bẹ̀ yín, mo fi orí mi bẹ̀ yín.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan. Wọ́n dá ìwé ìdánwò wa padà, èmi ni mo gba máàkì tó kéré jù lórí ìjókòó wa. Mo ti ń rò ó pé bóyá wọ́n ṣèèṣì gbà mí ni. Mo ti ń rò ó pé kí n padà wálé. Ó kéré tán, nílé, mo mọ ohun tí wọ́n ń lò mí fún láàárọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá

Bàámi,

Mo ń retí èsì, mi ò rí i. Bóyá ìwé ló sọnù lọ́nà. Bóyá mo sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi. Tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ni, mo jẹ́wọ́ pé mo fi ẹnu ọmọdé dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ na bùláálà ọ̀rọ̀ yín sí mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Lójoojúmọ́ ni mò ń gba ibi àpótí lẹ́tà kọjá. Aṣọ́bodè ilé-ẹ̀kọ́ wa ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á ti máa mi orí, kí n má baà fi ẹsẹ̀ mi ṣòfò. Mo ṣì máa ń dé ibẹ̀.

Ẹ kọ “mo wà” nìkan. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo wà.

Ọwọ́ ọ̀tún ni kò jẹ́ kí n lè mú bíírò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mò ń ha ìdọ̀tí lára ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kan, ẹ̀wù Má-kánjú lọ́rùn mi. Mo fẹ́ gòkè díẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì wọlé, kò padà. Ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Mò ń fa okùn fáàfù èjìká pé kí afẹ́fẹ́ máa jáde, àmọ́ èyí tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ. Ìgbà tí mo fi máa já họ́ọ̀sì tó ti inú sílíńdà wá kúrò lára rẹ̀, ó ti gbé mi lọ lu ikùn ọkọ̀ náà, èjìká mi gbá irin. Ibi tí a wà kò jìn, ìyẹn ló yọ mí. Má-kánjú wá wò mí. Ó ní ẹ̀wù òun ti gbàgbé orúkọ ẹni tó ni ín, pé gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun kò kánjú báyẹn rí.

Fóòmàn ní mi ò gbọ́dọ̀ wọ omi mọ́ àfi tí mo bá mú ẹ̀wù tèmi wá, kí òun fojú ara òun rí i pé ara rẹ̀ pé. Ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ ní oṣù kẹta. Àwọn tó bá bá wọn fọ ìyẹn ni wọ́n máa dá dúró sẹ́nu iṣẹ́ inú omi. Àwọn tó kù á di afàkùn lórí ilẹ̀. O mọ̀ mí. Tí wọ́n bá ní kí n dúró létí omi kí n máa fa okùn fún ẹlòmíràn, kí wọ́n kúkú gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Wàyí o, ìbéèrè rẹ. Mi ò fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ èjìká tó ń ro mí yìí ní kí n dáhùn.

Àárọ̀ ọjọ́ tí o rìnrìn-àjò, o fẹ́ ẹ̀wù náà bí o ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, o fi ẹnu rẹ fẹ́ ẹ títí ó fi le gbandi, o gbé e kọ́ sára ògiri pé tí mo bá jẹun tán kí á wò ó bóyá ó jò. Mọ́tò dé kí a tó jẹun. Ariwo ẹrù, ariwo dérébà, a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí mo sìn ọ́ dé ibùdókọ̀ tí mo padà wálé, mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀wù náà wà lára ògiri, àyà rẹ̀ yọ, bíi pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Látìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, èmi pẹ̀lú rẹ nìkan ni a jọ ń mí nínú ilé yẹn. Mo ní lọ́la ni màá tú u. Lọ́la dé, mo wọ ti Má-kánjú.

Ó wá ń rọ̀. Láti èjìká ọ̀tún ló ti ń rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tòògbé. Mo ta ọṣẹ sí i, mo rí i tó ń hó wínníwínní. Mo fi fasilíìnì dí i, bẹ́ẹ̀ ni, fasilíìnì náà ni. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí o bá mi bi ọ̀gá rẹ. Má rò pé orí mi dàrú. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ pé o fẹ́ wálé, mi ò rí i kà, ìwé yẹn ti tutù níbẹ̀. Tí o bá wálé, ta ni màá máa kọ̀wé sí?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kìíní

Bàámi,

Ẹ kú ọdún o. Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ka lẹ́tà yín níbi àpótí, mi ò lè dúró dé yàrá. Aṣọ́bodè bi mí bóyá ẹnì kan kú. Mo ní rárá, ẹnì kan ò kú ni.

Mi ò mọ bí ọmọ ṣe ń pàṣẹ fún bàbá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ tú u. Ẹ má yí fáàfù náà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ẹ gbé ẹ̀wù náà kalẹ̀ lára ògiri, ẹ mú họ́ọ̀sì rẹ̀ sókè ju èjìká lọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹnu rẹ̀ tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, ẹ má fi ìka sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Tó bá wù yín, ẹ sún mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ń wò yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ ká a, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Afẹ́fẹ́ lásán ni, Bàámi. Afẹ́fẹ́ àná ni. Èyí tí mò ń mí lónìí ni mo fi ń kọ̀wé sí yín, tí ẹ bá sì rì nítorí tàná, kí ni màá wá fi tòní ṣe?

Ẹ tètè ṣe é. Oṣù kẹta kò jìnnà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Mo ti fi ránṣẹ́. Mo gbé e lọ sí ìdí fèrèsé, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé màá gbọ́ nǹkan, àmọ́ ìró “ṣìì” ló ń dún bí ẹni tó ń ní kí ọmọ dákẹ́. Òórùn rọ́bà ló ń rùn. Ó pẹ́ kó tó tán. Ilé kò wó.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tún un ṣe dáadáa. Fóòmàn lójú bí àṣá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀wù yín dé, mo sì ti tún un ṣe. Ó máa tó dé ọ̀dọ̀ yín, òun pẹ̀lú lẹ́tà yìí nínú àpò kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti iṣẹ́. Rọ́bà fáàfù èjìká ọ̀tún ti wú, etí rẹ̀ ti gbó. Iṣẹ́ fasilíìnì nìyẹn, mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Iyanrìn wínníwínní kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó jókòó dáadáa. Sípíríìnì rẹ̀ ti dípẹtà, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo tú bọ́tìnnì họ́ọ̀sì náà, mo rẹ gbogbo rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi òrùka rọ́bà tuntun sí i pẹ̀lú gírísì tirẹ̀ gan-an, fẹ́ẹ́rẹ́ bíi pé mi ò fi sí i. Ọ̀gá tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn mi. Nígbà tó rí i, kò sọ pé ó dáa. Ó kàn gbé ẹ̀wù mìíràn síwájú mi, èyí tí kì í jẹ́ kí àwa ọdún kìíní fọwọ́ kàn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo yẹ fún un, àmọ́ mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ohun tó kù ni mi ò mọ bí màá ṣe sọ.

Bàámi, kò tán. Nígbà tí mo tú ẹ̀wù náà láti inú àpò, díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀, ní kọ́rọ́ abẹ́ apá òsì. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sá lọ síwájú, ó padà. Ènìyàn kò lè fọ ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sì kọ̀wé sí yín pé lásán ni. Mo wá dúró síbẹ̀. Mo mú họ́ọ̀sì dání, ìka mi wà lórí bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Èyí tó kù níbẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni, mi ò mọ̀ bóyá inú yàrá wa ló ti wọlé nígbà tí ẹ ń ká a. Ọ̀gá wá bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Mo ní mò ń ronú. Ó ní kí n ronú kí ọwọ́ mi máa ṣiṣẹ́. Mo gbé e súnmọ́ ojú mi, mo tẹ̀ ẹ́. Òórùn rọ́bà, bí ẹ ṣe wí. Ẹ dárí jì mí pé mo pè é ní lásán.

Nígbà tí mo tún un ṣe tán, ó kù kí á fẹ́ ẹ kún, kí á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ká mọ̀ bóyá ó ń jò. Mo ti fi ẹnu sí họ́ọ̀sì, Bàámi. Mo ti fa èémí sínú. Mo wá yọ ẹnu mi kúrò. Mo lọ so ó mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ló fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ tí kò mọ̀ yín rí. Ó le, kò jò. Lọ́jọ́ kejì mo tú u títí kò fi sí nǹkan kan ní kọ́rọ́ kankan. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Èmi kò sí nínú ẹ̀wù yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dùn mí ju ìdánwò tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ fi ẹnu yín fẹ́ ẹ, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ wọ omi, kí ẹ sì gòkè wá.

Mi ò padà wálé mọ́, ó kéré tán títí ọdún yìí yóò fi parí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka lẹ́tà mi sókè fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ létí omi, mo sì mọ ohùn tí Má-kánjú máa ń fi sín mi jẹ. Eléyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin nìkan ni kó mọ̀ ọ́n. Ẹ kà á nínú ilé, kí ẹ ká a, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò dé. Tí wọ́n bá bi yín pé kí ni ọmọ yín kọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sọ fún wọn pé mo ní kí ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú rẹ̀.

Ọmọ yín.